Ilé ahun kò gba ahun: Ewu tó wà nínú kíkó oríṣiríṣi ìjàpá sínú ọgbà kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò. Ẹni tó láwọ́ híhá ni àwọn àgbà fi ń pa òwe náà mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sin ìjàpá nínú ọgbà ilé rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá òwe. Àwọn tó ń sin ìjàpá gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀sìn wà káàkiri lóde òní, láti Èkó àti Ìbàdàn títí dé Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú ńláńlá Amẹ́ríkà. Ó sì wọ́pọ̀ kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan ti ní méjì tàbí mẹ́ta kí ọdún tó yípo. Ọdẹ lè gbé ọ̀kan wá láti inú igbó, kí ọ̀rẹ́ tó ti Òkè Ọya bọ̀ mú òmíràn wá, kí ọmọ ilé sì ra ẹ̀kẹta lẹ́bàá títì. Nítorí pé ìjàpá ni gbogbo wọn ń jẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn olówó wọn ni láti kó wọn sínú ọgbà kan ṣoṣo, kí wọ́n máa jẹun pọ̀, kí wọ́n sì di ọ̀rẹ́ ara wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ìjàpá orí ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ mọ̀ lágbàáyé lé ní 40. Àwọn kan ń gbé etí aṣálẹ̀ níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, àwọn kan ń gbé inú igbó kìjikìji níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ, àwọn mìíràn sì ń gbé ilẹ̀ òtútù, wọn a sì sùn fún oṣù púpọ̀ nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Orúkọ kan náà tí wọ́n ń jẹ́ kò sọ wọ́n di ẹranko kan náà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹyẹ kò ṣe sọ òwìwí àti àdàbà di ọ̀kan. Kò sí ẹni tó máa kó òwìwí àti àdàbà sínú àgò kan, kó sì retí pé àlàáfíà ni wọ́n yóò bára wọn gbé.

ÌJÀPÁ ILẸ̀ GBÍGBẸ ÀTI ÌJÀPÁ IGBÓ

Kò pọn dandan kí èèyàn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kó tó rí ìyàtọ̀ yìí, nítorí ó wà nínú àwọn ìjàpá tó wà nítòsí. Èyí tó tóbi jù lọ nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Centrochelys sulcata. Etí aṣálẹ̀ Sàhárà ni ibùgbé rẹ̀, láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Mọriténíà, gba Mali, Niger, apá àríwá Nàìjíríà, Chad àti Sudan kọjá, títí dé Etiópíà. Yàtọ̀ sí àwọn ìjàpá ńláńlá tó wà ní àwọn erékùṣù inú òkun, kò sí ìjàpá mìíràn tó tóbi tó o. Akọ rẹ̀ lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, àwọn kan sì máa ń wọn tó kílò 100. Ẹ̀gún nípọnnípọn wà ní itan rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú le bí ọkọ́, òun ló sì fi ń gbẹ́ ihò tó jìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà sínú ilẹ̀ láti sá fún oòrùn. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn ìjàpá tí ọdẹ sábà máa ń gbé wá láti inú igbó ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ti irú yìí rárá. Kinixys ni orúkọ ìdílé wọn láàrin àwọn onímọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni oríkèé tó wà lẹ́yìn ìkarahun wọn, èyí tí wọ́n lè fi pa ẹ̀yìn wọn dé bí ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn. Kò sí ìjàpá mìíràn láyé tó ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìn ìkarahun. Méjì nínú wọn, Kinixys homeana àti Kinixys erosa, jẹ́ ará igbó kìjikìji. Ẹ̀kẹta, Kinixys nogueyi, sì jẹ́ ará ọ̀dàn. Àwọn ti inú igbó yìí kéré. Ọ̀pọ̀ homeana kì í gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Abẹ́ ewé tó ti jábọ́, níbi tó tutù tó sì ní ìbòji, ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti ẹ̀yìn òjò ni wọ́n sábà máa ń jáde wá oúnjẹ, wọn a sì máa jẹ olú, èso tó bọ́ sílẹ̀, ìgbín, ekòló àti kòkòrò.

Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún kan máa ń lé ní mìlímítà 1,500, nígbà tó jẹ́ pé níbi tí ìjàpá ńlá ti ń gbé, kì í sábà kọjá mìlímítà 600. Bí wọ́n bá wá kó àwọn méjèèjì sínú ọgbà kan, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jìyà. Bí ọgbà náà bá gbẹ tí oòrùn sì wà níbẹ̀ dáadáa, ara ìjàpá ńlá á le, ṣùgbọ́n omi ara ìjàpá igbó yóò máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò wọnú, kíndìnrín rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ọgbà náà bá tutù tó sì ṣókùnkùn, ara á tu ti inú igbó, àmọ́ òtútù àti ọ̀rinrin yóò kọ lu ẹ̀dọ̀fóró èkejì. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ṣe é ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àwọn méjèèjì ló máa pàdánù.

OÚNJẸ Ẹ̀NÌKAN, MÁJÈLÉ Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà kò yàtọ̀. Wọ́n dá ìfun ìjàpá ńlá ilẹ̀ gbígbẹ bí ti màlúù: koríko líle ni wọ́n dá a fún. Bí ó bá ń jẹ ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò lójoojúmọ́, ìwọ́ntúnwọ́nsì inú ìfun rẹ̀ á dà rú, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, aràn á sì rí àyè gbilẹ̀. Ẹran tàbí ìgbín kò sì yẹ kó kan ẹnu rẹ̀ rárá. Ìjàpá igbó ní tirẹ̀ kò lè fi koríko nìkan gbé ẹ̀mí ró, nítorí olú, èso àti ìgbín wà lára ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ ń béèrè. Nínú ọgbà kan ṣoṣo, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé abọ́ méjì kalẹ̀ kí oníkálukú mọ tirẹ̀. Èyí tó tóbi yóò kọ́kọ́ jẹ abọ́ tirẹ̀, yóò sì tún fi èkejì ṣe àjẹmọ́nú, èyí tó kéré á sì máa dúró sí ẹ̀yìn igi títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

ÌJÀ TÍ KÒ NÍ ARIWO

Ajá máa ń gbó, ewúrẹ́ máa ń ké bí ìyà bá ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìjàpá kì í pariwo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùsìn fi máa ń sọ pé àwọn ìjàpá àwọn ń gbé ní ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá rí i tí ọ̀kan gun èkejì lẹ́yìn, wọ́n á ní eré ni. Bí wọ́n bá rí i tí ọ̀kan ń tọ èkejì lẹ́yìn káàkiri ọgbà, wọ́n á ní ìfẹ́ ni. Bí méjèèjì bá sùn sí igun kan, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni wọ́n. Ohun tó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ ni pé ọ̀kan ń fi agbára hàn lórí èkejì, ó ń lé e kúrò níbi oúnjẹ àti ibi ìsùn, tàbí pé igun kan ṣoṣo ló dára nínú ọgbà náà, tí wọ́n sì jọ ń du ú.

Èyí tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí yóò kọ́kọ́ dín oúnjẹ kù. Lẹ́yìn náà, yóò máa fara pamọ́, orí rẹ̀ kò sì ní sábà jáde síta mọ́. Ara rẹ̀ á fúyẹ́, agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà á dín kù, àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò rí ọ̀nà gbà á sì gbérí. Ó lè gbà tó oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan kó tó kú, ẹni tó ni ín á sì sọ pé ó kàn ṣàdédé kú ni.

Ìjà ojúkojú náà wà. Akọ ìjàpá ńlá máa ń fi egungun tó yọ sábẹ́ ọrùn rẹ̀ kọ lu èkejì, yóò sì gbìyànjú láti dojú rẹ̀ dé. Ìjàpá tó wọn kílò 40 kò ní láti bínú kó tó ṣe tí kílò kan léṣe, nítorí bó bá kàn rìn gba orí rẹ̀ kọjá, ó tó. Ìjàpá tó bá sì dojú dé nínú oòrùn ọ̀sán, tí kò sí ẹni tó tètè rí i, lè kú kí olówó rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé.

AWỌN TÓ Ń GBÉ ÀÌSÀN KIRI

Ewu tó tóbi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí ojú kò lè rí. Irú ìjàpá kan lè ti bá kòkòrò àìsàn kan gbé láti ìrandíran débi pé kòkòrò náà kì í ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Bí irú mìíràn tí kò mọ kòkòrò ọ̀hún rí bá wá bá a gbé, ikú ló máa ń yọrí sí nígbà mìíràn.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà láàrin àwọn ìjàpá tí wọ́n ń sìn ní ilẹ̀ Yúróòpù. Testudo graeca àti Testudo hermanni jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n dáadáa kò ní lè dá wọn mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó wọn wọ Bìrìtìkó, tí wọ́n sì ń tà wọ́n fún àwọn ọmọdé, títí tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi fòfin de òwò náà ní 1984. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní herpes ti ìjàpá. Graeca lè gbé e sára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ara rẹ̀ sì máa dán. Ṣùgbọ́n bí hermanni bá kó o lára rẹ̀, ohun funfun tàbí pupa rúsúrúsú yóò bo ahọ́n àti ọ̀fun rẹ̀, kò ní lè jẹun, púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń kú. Oògùn tó lè lé fáírọ́ọ̀sì náà kúrò nínú ara pátápátá kò sí. Èyí tó bá yè é yóò máa gbé e kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní aṣálẹ̀ Mojave ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Láàrin ọdún 1980 sí 1990, àìsàn imú àti ọ̀nà èémí bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ìjàpá tó ń gbé inú aṣálẹ̀ náà. Ní 1990, ìjọba Amẹ́ríkà kọ wọ́n mọ́ àwọn ẹranko tí ewu ń dojú kọ, àìsàn yìí sì wà lára ohun tó fà á. Ní 1994, àwọn onímọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò tí wọ́n wá sọ ní Mycoplasma agassizii ló ń fa á. Lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó tan àìsàn náà kálẹ̀ ni àwọn ìjàpá ọ̀sìn tí àwọn olówó wọn ti sú, tí wọ́n sì lọ tú sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Àánú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Àwọn èèyàn inú ilé náà kò yọ sílẹ̀. Ìjàpá tí ara rẹ̀ yá gágá lè ní bakitéríà Salmonella nínú ìgbẹ́ rẹ̀, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, pàápàá jù lọ fún ọmọdé. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi fòfin de títa àwọn kéékèèké tí ìkarahun wọn kò tó sẹ̀ǹtímítà 10 láti 1975. Ọṣẹ àti omi ṣe pàtàkì fún gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀RÀN GEORGE ADÁNÌKANWÀ

Àwọn kan máa ń sọ pé bí irú wọn kò bá tilẹ̀ dọ́gba, wọ́n lè bímọ fún ara wọn. Àwọn irú tó bá sún mọ́ra lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ní 1971, wọ́n rí akọ ìjàpá kan ní erékùṣù Pinta, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Galápagos ti orílẹ̀-èdè Ecuador. Òun nìkan ṣoṣo ló kù nínú irú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Lonesome George, èyí tó túmọ̀ sí George Adánìkanwà. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Santa Cruz ní 1972, wọ́n sì wá kó abo méjì láti erékùṣù mìíràn, tí irú wọn fara jọ tirẹ̀, tì í nínú ọgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ní 2008 àti 2009, àwọn abo náà yé ẹyin, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pa. Ní 2011, wọ́n mú àwọn abo mìíràn wá, kò sì sí ìyàtọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, George kú, irú rẹ̀ sì parẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ láyé ló tọ́jú rẹ̀, síbẹ̀ jíjọ ara ẹni kò di àìyàtọ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn ọgbà ẹranko ńláńlá kan máa ń kó irú méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń lò fẹ̀ gidigidi, ojú ọjọ́ kan náà ni wọ́n ti kó àwọn ẹranko náà, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ wọn wò, dókítà ẹranko sì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé lásán kò ní nǹkan wọ̀nyí.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ WỌ́N SÌN WỌ́N

Ẹni tó bá fẹ́ sin ju irú kan lọ gbọ́dọ̀ ṣe ọgbà fún irú kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe kí wọ́n kàn fi wáyà pín ọgbà kan sí méjì, nítorí ìjàpá tó bá ń rí òdìkejì yóò máa fi orí kọ lu wáyà náà láti àárọ̀ di alẹ́, omi òjò á sì máa gbé ìgbẹ́ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn ló dára jù. Fún ìjàpá ńlá ilẹ̀ gbígbẹ, ìpìlẹ̀ ògiri náà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa kó má baà gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde. Ó nílò ilẹ̀ tó fẹ̀, tó ga, tí omi kì í dúró sí, pẹ̀lú ilé kékeré tí òjò kò lè wọ̀. Fún àwọn ti inú igbó, ìbòji igi, ewé gbígbẹ tó pọ̀ nílẹ̀ àti abọ́ omi pẹrẹsẹ tí wọn kò lè rì sí ni kókó. Ìjàpá orí ilẹ̀ kò mọ omi í wẹ̀; ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwọn ti inú omi, tí wọ́n nílò adágún jíjìn.

Ìjàpá tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà, kódà bó bá jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nílé. Abọ́ rẹ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ àti ọkọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀, òun sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ bójú tó kẹ́yìn lójoojúmọ́. Kí wọ́n máa gbé ìjàpá kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí òṣùwọ̀n máa ń sọ ohun tí ẹnu ìjàpá kò lè sọ. Bí ikun bá ń dà ní imú rẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá wú, bó bá ń la ẹnu kó tó lè mí, tàbí bí ohun funfun bá bo ahọ́n rẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ láìjáfara. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta.

Ẹni tó bá ti kó wọn pọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọ̀kan bá kú. Kó yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí, kó sì kà wọ́n sí èyí tó ti lè kó àìsàn ara wọn. Kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ta ẹlòmíràn lọ́rẹ láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ lọ tú wọn sílẹ̀ nínú igbó, kí ọ̀ràn Mojave má baà di ti ilẹ̀ Yorùbá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ ìgbádùn ilé lọ ni pé àwọn ìjàpá náà ń tán lọ. Àjọ IUCN tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu ti fi Kinixys homeana sí ìpele tó le jù lọ kí ẹranko tó parẹ́ nínú igbó, wọ́n sì ti fi ìjàpá ńlá Sulcata náà sínú àwọn tó wà nínú ewu ńlá. Pípa igbó run, pípa wọ́n jẹ, lílò wọ́n fún oògùn àti títà wọ́n fún ọ̀sìn ló fà á. Gbogbo ìjàpá orí ilẹ̀ ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, èyí tó ń darí òwò ẹranko láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Láti ọdún 2000, àdéhùn náà kò gba ẹyọ kan láàyè láti kó Sulcata inú igbó lọ tà sókèèrè. Nítorí náà, èyí tó dára jù fún ẹni tí ọdẹ bá gbé ìjàpá igbó wá bá ni kó má rà á, nítorí ẹni tó bá ra ọ̀kan ti rán ọdẹ padà lọ wá èkejì.

Nígbà tí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, ààfin sọ pé ó ti lo ọdún 344 láyé. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gba iye ọdún náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé ìjàpá lè pẹ́ láyé ju ẹni tó ń sìn ín lọ. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sínú ọgbà rẹ̀ ti gba iṣẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún. Ohun tó kéré jù tó lè ṣe fún un ni kó jẹ́ kó ní ilé tirẹ̀, kí àlejò tí kò bá a mu má ṣe wọ̀ ọ́.